Odó Kan Ń Dún ní Múṣin

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí. Mo jáde síwájú ilé, wọ́n bi mí. Mo lọ gẹ irun, wọ́n bi mí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó jókòó níwájú mi yí ọrùn padà nígbà tí àdúrà ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó ní, "Akin, Èkó ńkọ́?" Mo sì máa ń dáhùn pé Èkó wà. Irọ́ kọ́, àmọ́ òótọ́ náà kò pé. Ó dáa, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá ń retí kí n ròyìn afárá àti ilé gogoro, kó má wulẹ̀ dúró tì mí. Afárá wà níbẹ̀, mo gun orí rẹ̀, ó gbé mi kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo bá lọ, torí irọ́ ti pọ̀ lórí rẹ̀ ní Ìsọ̀kùn níbí, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa. Àwọn kan ní iṣẹ́ báńkì ni mo lọ ṣe. Àwọn kan ní mo ti di olórin ńlá, wọ́n sì ń wá mi nínú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó sọ tẹ̀yìn yìí sún mọ́ ọn díẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Láńre, tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ, la dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀. Dógùn-ún la pe orúkọ rẹ̀, bí irin ṣe ń dógùn-ún tí òjò bá ti pa á pẹ́. Orin wa kò ní gìtá, kò ní fèrè, kò sì sẹ́ni tó ń la ẹnu kọrin nínú rẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ la fi ń ṣe é. A ó gba ohùn ẹ̀rọ sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, a ó gé e wẹ́wẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, a ó sì tún un tò títí yóò fi di ohun tí èèyàn lè máa mi orí sí. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn wa. Àwa la ṣe é, àwa la gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwa náà la sì ń gbọ́ ọ, lọ́pọ̀ ìgbà àwa nìkan.

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ sí Èkó, iyán ló ń gún lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé. Mo ti gbé fóònù mi sí ẹ̀gbẹ́ odó, mò ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, torí ohunkóhun tó bá ti ń dún nígbà náà kò lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán. Ó gún un kúnná, ó fi ọmọ odó kan ẹnu odó lẹ́ẹ̀mejì kí iyán tó lẹ̀ mọ́ ọn lè bọ́, ó wá wò mí.

"Ariwo yẹn, ta ló máa gbọ́ ọ?"

"Àwọn èèyàn á gbọ́ ọ, Màámi."

"Àwọn èèyàn wo?"

Mo mú fóònù mi kúrò ní ẹ̀gbẹ́ odó.

"Ó dáa, máa lọ," ó ní. "Mo fún ọ ní ọdún mẹ́ta. Bí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí wa, tí kò mọ̀ ọ́ rí, bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá ọ nítorí ohun tó gbọ́, ẹnì kan péré, máa bá orin rẹ lọ. N ò tún ní dá sí i mọ́. Bí kò bá wá sí ẹni bẹ́ẹ̀, kí o padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ."

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń tún fáànù àti rédíò ṣe títí tó fi kú, kò sì tíì sẹ́ni tó ṣí i láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ ìyá mi dùn mọ́ mi. Mo rò ó pé ẹnì kan péré nínú odidi Èkó, báwo ni n kò ṣe ní rí i.

Jíbówú

Ibùdókọ̀ Jíbówú ni ọkọ̀ já wa sí. Bí ẹ ṣe tọ́ mi ni mo ṣe bọ́ sílẹ̀: mò ń kí èèyàn. Mo kí ìyá kan tó jókòó ti ẹrù rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà." Ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Mo kí ọkùnrin kan tó dúró ti ògiri, ó ní, "Mi ò rà." Kò wo ọwọ́ mi pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tí mò ń tà. Mo kí ọmọbìnrin kan tó ń ta omi, òun nìkan ló dáhùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tútù ni àbí lílọ́wọ́ọ́rọ́?" Mo ra tútù nítorí pé ó dá mi lóhùn.

Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, kí n tètè sọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ní Èkó, ẹni tó bá kí ọ láìmọ̀ ọ́, nǹkan ló ń wá. Àwọn tó fẹ́ràn ara wọn níbẹ̀ náà kì í dúró kí ara wọn. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, ọ̀kan á ní "How far?", èkejì á ní "I dey," kálukú ti lọ. Ẹ rántí bá a ṣe ń kí ara wa níbí, tí a ó béèrè ilé, oko, ọmọ, ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá àgbà. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ẹsẹ̀ bàbá àgbà mi rí.

Láńre kò wá pàdé mi. Ibi iṣẹ́ ló wà ní Yàbá, níbi tí wọ́n ti ń dáhùn fóònù àwọn oníbàárà tó ń bínú. Ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí mi, mo sì ń béèrè ọ̀nà títí mo fi dé yàrá tó háyà fún wa ní Múṣin. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Guy, you don land! Ṣé o ti jẹun?" N kò tíì jẹun. Òun náà kò tíì jẹun. A jókòó sórí ilẹ̀, a jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà aganyin, a sì gba ara wa gbọ́ pé ohun tó dára ti bẹ̀rẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn

Yàrá wa wà lẹ́yìn pátápátá nínú àgbàlá kan. Iwájú wa ni àwọn tó ń na ara mọ́tò tó ti wọ́. Láti àárọ̀ ni òòlù wọn ti ń lu páànù. Bí wọ́n bá ṣíwọ́, jẹnẹrétọ̀ á gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yìn wa ni ògiri ilé kejì, pẹ̀lú fèrèsé kan tó ní kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Kọ́tìnnì náà kò ṣí rí. N kò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, n kò sì béèrè. Mo ti ń kọ́ ìwà Èkó.

Fún orin wa, ibi tó yẹ gan-an ni. Láńre tiẹ̀ ní lanlọ́ọ̀dù ìbá béèrè owó sí i lórí ariwo náà ká ní ó mọ ohun tí a fi ń ṣe.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ dá mi lágara. Mo jẹ ẹ̀bà, mo jẹ ráìsì, mo tún jẹ ẹ̀bà. Mo rí ilé oúnjẹ kan ní Sùúrùlérè tí wọ́n kọ iyán sí ara ògiri rẹ̀, mo wọlé tayọ̀tayọ̀. Wọ́n gbé e wá. Mo fọwọ́ kàn án, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

"Iyán ni, bọ̀ọ̀sì."

"Ta ló gún un?"

Obìnrin náà wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó sọnù. "Ta ló fẹ́ gún un? Ìyẹ̀fun ni wọ́n rò. Poundo ni. Ṣé ẹ máa jẹ ẹ́ àbí kí n gbé e kúrò?"

Mo jẹ ẹ́. Ebi ń pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń rìn bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà ni mo ṣàkíyèsí ohun tó ti ń dùn mí láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí níbí tí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí odó ilé kan á bẹ̀rẹ̀, tí ti ilé kejì á gbè é, tí ẹ ó sì mọ ẹni tó ń gún un láìyọjú. Ní Èkó, ìrọ̀lẹ́ ń lẹ́, kò sí odó kan tó dún. Kì í ṣe adùn iyán ni àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ohùn rẹ̀ ni mò ń wá. Mo sọ fún Láńre. Sùúrùlérè ni wọ́n bí i sí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "So na mortar dey make you cry?" N kò sọkún nígbà náà.

Ohun tó ń dún

Láńre á lọ ibi iṣẹ́, èmi á gbé ẹ̀rọ ìgbóhùnsílẹ̀ kékeré kan, màá máa káàkiri. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo dé Makókò, níbi tí ilé ti dúró lórí omi, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ẹ̀rọ ìlagi wọn á kọ́kọ́ máa kùn, bí igi bá ti kan eyín rẹ̀, á pariwo débi tí èèyàn á fẹ́ di etí. Mo na ẹ̀rọ mi sí i. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Ṣé ìjọba ló rán ẹ?"

Mo ní rárá o.

"Ṣé wọ́n tún fẹ́ wó ibí ni?"

Mo ní ohùn ẹ̀rọ wọn ni mo fẹ́ gbà, fún orin. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan pe àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n wá wo ọkùnrin tó ń wá ariwo, bí ẹni pé ariwo wọ́n ní Èkó. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi dáadáa, wọ́n sì la igi kan sí i fún mi, èyí tó le jù. Nígbà tí mo ń padà, obìnrin kan tó ń yan ẹja wé ọ̀kan sínú bébà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Gbà, jẹ ẹ́. Ó jọ pé o ò ní èèyàn níbí." N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo jẹ ẹja náà lójú ọ̀nà, ó dùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn mi.

Ní Tẹjúoṣó, mo dúró láàárín àwọn aránṣọ, ẹ̀rọ wọn ń sáré lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bàbá kan bi mí ohun tí mo fẹ́ rán. Mo ní n kò fẹ́ ránṣọ. "Nígbà náà, gba ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni tó fẹ́ ránṣọ ráyè." Mo gba ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti gba ohùn rẹ̀ tán kó tó lé mi.

Bí a ṣe ṣe orin àkọ́kọ́ nìyẹn, àti èkejì, àti èyí tó tẹ̀ lé e. A ń gbé wọn síta. Àwọn ọ̀rẹ́ Láńre ń kọ ọ́ pé ó dára, wọn kò sì gbọ́ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo máa ń pe ìyá mi. A ó sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa oko, nípa ẹni tó kú. Kò béèrè rí bóyá ẹnì kan ti wá, èmi náà kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Yàbá

Ní ọdún kejì, wọ́n gbà wá láàyè láti ṣeré nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Yàbá, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti máa ń pàdé. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wà tó ní gìtá àti olóhùn iyọ̀. Àwa la ṣe kẹ́yìn. A pa iná, a tan gílóòbù pupa kan, a gbé sípíkà ńlá Láńre síwájú, a bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìlagi Makókò jáde láti inú sípíkà náà, inú mi dùn. Ọkùnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn sáré wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó fẹnu sí mi létí.

"Bros, e be like say your speaker don blow."

Mo ní kò bàjẹ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ní, "Are you sure?" Ó tún padà wá lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọn kò bínú, wọ́n ń rọra lọ bí ẹni ń jáde nílé ẹni tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí a parí, ọmọkùnrin kan dúró. Ó wà lẹ́yìn, ó ń wò mí, ó sì ń bọ̀. Mò ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé, Màámi, òun rèé, ó ti dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi fóònù mi sí ojú iná tí sípíkà yín wà yẹn? Bátìrì mi ti fẹ́ kú."

Mo yọ sípíkà kúrò, mo bá a fi fóònù rẹ̀ sí i. A jókòó tì í títí ó fi gba iná díẹ̀. Ó bá mi sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Kò sọ ohun kan nípa orin wa.

Láńre

Láńre farada á fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ó wá di ọjọ́ kan, ó wọlé, kò bọ́ bàtà.

"Akin, ó ti sú mi. No be say the thing no sweet. Nobody dey hear us. Mọ́mì mi ṣì rò pé jẹnẹrétọ̀ la máa ń tún ṣe níbí."

Mo ní kó jẹ́ ká ṣe ọ̀kan sí i.

"Wọ́n ti gbé mi lọ sí ọ́fíìsì tó wà ní òdì kejì ọ̀sà. Ibẹ̀ ni màá máa gbé báyìí. Máa lo sípíkà yẹn, tìẹ ni."

Ọ̀rẹ́ mi ni títí di òní, ó ṣì máa ń pè mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ lọ, mo jókòó sínú yàrá náà, mo sì mọ ohun tó ń jẹ́ ìdáwà. Mo ti rò pé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń lu páànù ń lù ú, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń pè, wọ́n ń bú ara wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú ohùn náà tó ń pè mí. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí n má gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu èèyàn.

Inú fóònù àtijọ́ ni mo ti rí i, ohùn iyán tí ìyá mi gún lọ́jọ́ tí mo dágbére. Mo fi í sí sípíkà. Níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí iṣu ṣì ní kókó, odó ń dún kí-kí-kí, á wá máa wálẹ̀, á máa wúwo, títí á fi di gbì, gbì, gbì, tí ẹ ó mọ̀ pé ó ti ń kúnná. Ìparí rẹ̀ ni ọmọ odó tó kan ẹnu odó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣe orin kan láti ara rẹ̀. Mo jẹ́ kí odó ṣíwájú, mo mú ẹ̀rọ ìlagi wọlé lé e, mo fi àwọn aránṣọ sí ẹ̀gbẹ́, mo sì jẹ́ kí gbogbo wọn dákẹ́ kí ìyá mi lè kan ẹnu odó. N kò lè sọ pé mo ṣe é tán, torí ojoojúmọ́ ni mò ń tún un ṣe. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ ní odó nínú. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, màá ṣí sípíkà náà sókè. Gbogbo àkókò òjò lọ bẹ́ẹ̀.

Abọ́ tánńganran

Ọdún kẹta ti ń lọ sópin nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi. Orin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Mo rò pé lanlọ́ọ̀dù ni. Ìyá àgbàlagbà kan ló dúró síbẹ̀, ó fi aṣọ pupa gbá abọ́ tánńganran kan mú, òórùn ẹ̀fọ́ rírò ń jáde lára rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò wò mí. Ó ń wo ẹ̀yìn mi, inú yàrá.

"Ẹ kúulé o," ó ní. "Ibo lẹ gbé odó sí?"

Mo ní, "Mà?"

"Láti ìgbà òjò ni mo ti ń gbọ́ yín. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀ ń gúnyán. Mo ní àwọn wo nìyí, ará Múṣin kì í gúnyán. Mo ní àwọn ará ulé mi ni." Bó ṣe pe ilé gan-an nìyẹn, ulé, bí ìyá tèmi ṣe ń pè é. "Mò ń retí kẹ́ ẹ pè mí, ẹ ò pè mí. Mo bínú sí yín, mi ò ní purọ́. Lónìí ni mo wá rò ó pé bóyá wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn wọn wà lẹ́yìn ògiri. Mo ní kí n kúkú se ọbẹ̀ tèmi dání."

Òun ló ni fèrèsé aláwọ̀ ewé. Ìyá Wálé ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni, ó ń ta aṣọ ní Tẹjúoṣó. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ògiri kan ṣoṣo fi wà láàárín wa.

Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè rí inú yàrá. "Ìyá, ẹ má bínú. Kò sí odó."

"Kò sí kí ni?"

"Ohùn rẹ̀ nìkan ni. Inú sípíkà yìí ló wà."

Kò gbà mí gbọ́. Ó wọlé, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ní kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, torí kò sí àga, mo sì fi orin náà sí i fún un. Ó gbé abọ́ lé itan, ó ń gbọ́. Nígbà tí iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í kúnná, ó ń fi orí tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ̀rọ ìlagi wọlé, ó lejú.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la igi ní Makókò ni, mà."

"Kí ló wá ṣe níbi iyán?"

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe orin, òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè ohun kan nípa rẹ̀. Orin náà parí, ọmọ odó kan ẹnu odó lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ìka sí sípíkà.

"Ìyẹn gan-an ni mo fi mọ̀," ó ní. "Mo ní àwọn tó ń lu mọ́tò kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Tún un fi sí i."

Mo tún un fi sí i. Ó sọ fún mi pé ọkọ òun ló máa ń bá òun gún un, pé láti ìgbà tó ti kú, apá òun kò ká odó mọ́, àwọn ọmọ sì wà lókè òkun. Ó ní inú odó náà ni òun ń gbin ẹ̀fọ́ sí báyìí. Nígbà tó dìde, mo fẹ́ gbé abọ́ fún un, ó kọ̀.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Fi ohun tó bá wà jẹ ẹ́."

Búrẹ́dì ló wà. Mo fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀fọ́ tí obìnrin náà sè fún iyán. Ìgbà yẹn ni mo sọkún.

Kọ́kọ́rọ́

N kò ka ìyẹn mọ́ ohun tí ìyá mi ní kó ṣẹlẹ̀. Iyán ni Ìyá Wálé bá wá, kì í ṣe orin. Mo bi ara mi títí, èsì kan náà ni mò ń rí. Ọdún mẹ́ta pé, mo di ẹrù. Mo gbé abọ́ lọ sí ilé rẹ̀, wọ́n ti ti géètì, wọ́n ní ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ mi kò ní dúró, mo ki abọ́ náà bọ àárín aṣọ mi, mo gba Jíbówú wálé.

Ìyá mi kò bi mí léèrè. Ó rí ojú mi, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi sórí tábìlì, ibẹ̀ ló sì wà títí di àárọ̀ yìí. Èmi náà kò fọwọ́ kàn án. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn ní gbogbo àsìkò tí ẹ̀ ń bi mí pé Èkó ńkọ́.

Àárọ̀ yìí ló fẹ́ fọ aṣọ mi. Ó tú ẹrù, ó jáde sí mi pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

"Abọ́ ta nìyí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Kò dá mi dúró.

"Odó ta ló gbọ́?" ó ní.

"Odó yín, Màámi. Èyí tí ẹ gún lọ́jọ́ tí mo ní mò ń lọ."

"Fi sí i kí n gbọ́."

Mo fi sí i. Ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìlagi dé, ó ní, "Kí lèyí wá wá níbẹ̀?" Mo ní ohun tí Ìyá Wálé náà bi mí gan-an nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ó fi gbọ́ ara rẹ̀ tó kan ẹnu odó.

"Ṣé ó mọ̀ ọ́ rí?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ẹbí wa ni?"

"Rárá."

"Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wá?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Àmọ́ iyán ló bá wá, Màámi, orin kọ́."

"Èmi ni mo gún un," ìyá mi ní. "Mo gúnyán, ó gbọ́, ó gbé ọbẹ̀ wá bá mi. Àlejò mi ni. O jẹ ọbẹ̀ rẹ̀, o jẹ́ kó padà sílé láìjẹun, o wá gbé abọ́ rẹ̀ sálọ."

Ó ní ẹnì kan péré lòun béèrè. Ó mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí tábìlì, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó wo iṣu tó kù nínú àká, ó yan mẹ́rin tó tóbi, ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ tánńganran lé wọn lórí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gèlè tó máa wé lọ sí Èkó.

"Kí lò ń wò?" ó ní. "Lọ gbé odó."

Mo lọ gbé odó.